Èèpo Obì Wọ Ilé Ìwádìí

Ọjọ́ pẹ́ tí obì gbànja ti ń ti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí òkè Ọya, títí wọ orílẹ̀-èdè Niger. Ṣùgbọ́n oko là ń da èèpo ńlá tó kó o sínú nù sí.

Ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ èèpo yìí di ohun èlò nanotechnology, ìyẹn ìmọ̀ nípa àwọn nǹkan tó kéré ju ohun tójú lè rí lọ. Bí wọ́n bá pín mítà kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan rẹ̀ ni nánómítà.

Wọ́n ń fi omi gbígbóná fa oje èèpo náà, wọ́n á dà á mọ́ silver nitrate. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá di búráùn, fàdákà wẹ́wẹ́ ti jáde nìyẹn. Ìwádìí wọn ní 2016 fi hàn pé ó ń pa kòkòrò àrùn, àní nínú ọ̀dà ilé pàápàá.

Àwọn onímọ̀ ní Íńdíà ti fi ewé dóńgóyárò ṣe irú rẹ̀ ní 2004. Igi yẹn kò wọ́n ní Niamey. Torí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Banifandou náà lè kọ́ ọ, níwájú olùkọ́, nítorí silver nitrate máa ń jó awọ ara.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń béèrè ìwúlò ohun tẹ́ ẹ fẹ́ dà nù, ẹ fara balẹ̀ dá a lóhùn.