Ọ̀dá Tí Igi Ń Rántí: Àwọn Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ń Ka Ìtàn Òjò Àtijọ́

Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2007, nígbà tí ọ̀dá ti mú àríwá ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, tí omi adágún Lanier tí ìlú Atlanta ń mu sì ti fà débi tí àwọn aláṣẹ fi ń ka iye ọjọ́ tí ó kù, Gómìnà Sonny Perdue kó àwọn ènìyàn jọ síwájú ilé ìjọba, wọ́n tẹríba, wọ́n sì tọrọ òjò lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé, ǹjẹ́ irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí? Àwọn baba wa ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀dá tí a ń bèèrè yìí ṣẹlẹ̀ kí baba ńlá àwọn àgbà náà tó dáyé, igi fúnra rẹ̀ sì ni ó rí i.

Ní ìpínlẹ̀ Georgia yìí kan náà, ìlú Covington, olú ìlú Káúńtì Newton, wà láàárín odò Yellow àti odò Alcovy, ní nǹkan bí máìlì 35 sí ìlà oòrùn Atlanta. Ní 2012, onímọ̀ òrùka igi kan, Neil Pederson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣa ẹ̀rí inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi jọ, wọ́n sì fi kọ ìtàn ọ̀dá ilẹ̀ tí odò Chattahoochee àti odò Flint ń gba omi rẹ̀, èyí tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn Covington, láti 1665 títí dé 2010. Ohun tí wọ́n rí yẹ kí ó mú ni ronú: ọ̀dá 2006 sí 2009 kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀, láàárín 1696 àti 1820, ọ̀dá ọlọ́jọ́ gígùn wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àsìkò tí àwọn ìjọba sì jókòó ṣètò ìpín omi wọn wà lára àwọn àsìkò tí òjò pọ̀ jù lọ láti 1665. Odò Covington kò bá Chattahoochee pàdé, ṣùgbọ́n òjò kì í bèèrè ààlà. Ọdún 1821 gan-an ni a dá Káúńtì Newton sílẹ̀, nígbà tí àkókò líle yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ ìran Muscogee tí ó gbé orí rẹ̀ nígbà ọ̀dá, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ìbá kìlọ̀ fún àwọn tí ó tẹ ìlú dó kò sí lórí ilẹ̀ náà mọ́.

Báwo wá ni igi ṣe ń jẹ́rìí? Lọ́dọọdún ni ó ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀: bí òjò bá rọ̀ dáadáa, òrùka a fẹ̀, bí ọ̀dá bá dá, òrùka a tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn onímọ̀ a fi irin oníhò lu ara igi láìpa á, wọn a fa ọ̀pá tí kò tó pẹ́ńsùlù ní ìbú jáde, wọn a fá a dán, wọn a sì wọn òrùka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún ìyà, igi lè má ya òrùka rárá, bí a bá sì fo ọdún kan ṣoṣo, gbogbo ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ ti yẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní COFECHA, iṣẹ́ Richard Holmes, ti wúlò: ó máa ń gé ìtàn igi kọ̀ọ̀kan sí ọdún 50, 50, tí apá kọ̀ọ̀kan wọnú èkejì ní ọdún 25, ó máa ń fi wọ́n wé ohun tí àwọn igi yòókù jọ sọ, ó sì máa ń sún wọn síwá sẹ́yìn láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ṣọ̀kan jù, kí ó tó fi àmì sí ibi tí ó fura sí, kí onímọ̀ lè padà lọ fi ojú ara rẹ̀ wo igi náà. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí igi kan kò sì tó dá ẹjọ́. Ètò ARSTAN, iṣẹ́ Edward Cook, ni ó ń yọ ipa ọjọ́ orí kúrò, nítorí igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà a máa ya òrùka tí ó fẹ̀ ju ti àgbà igi lọ, bí òjò tilẹ̀ dọ́gba.

Ní ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ igi kì í ti ya òrùka ọdọọdún tí ó hàn gbangba, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni a ń bi léèrè. Láti inú ẹrẹ̀ adágún Bosumtwi, nítòsí Kumasi ní Gánà, Timothy Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìtàn òjò ọdún 3,000, wọ́n sì fi hàn ní 2009 pé ọ̀dá tí ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹrẹ̀ kì í dá ni lójú bíi ti igi; nítorí náà ni ètò GeoChronR fi máa ń ṣírò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà tí ọjọ́ orí náà lè gbà rí, kí a lè mọ ohun tí ó dúró nínú gbogbo wọn. Ìlànà LiPD, tí Nicholas McKay àti Julien Emile-Geay gbé kalẹ̀ ní 2016, ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí ètò kan náà, nítorí pé àwọn kan ń ka ọdún sẹ́yìn láti 1950, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀lé kàlẹ́ńdà. Pyleoclim sì ń ṣe àyẹ̀wò wọn nínú èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Python.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀dá àtijọ́ sọ pé ooru tí èéfín ọwọ́ ènìyàn ń fà lónìí kò já mọ́ nǹkan. Bí ilẹ̀ bá lè gbẹ tó bẹ́ẹ̀ láìsí ọwọ́ wa níbẹ̀, a jẹ́ pé ooru tí a fi kún un yóò mú ọ̀dá tí ń bọ̀ le sí i.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí a ń pè ní PAGES 2k kọ ìtàn ooru àwọn kọ́ńtínẹ́ńtì jáde ní 2013, ti Áfíríkà kò sí níbẹ̀, nítorí pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ fún iṣẹ́ náà wà: GeoChronR àti Pyleoclim, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀yin òbí ní Covington, ní Ìbàdàn àti ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò fi ọwọ́ bọ iṣẹ́ yìí, nítorí bí ará iwájú bá ṣubú, èrò ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n, ìlú tí ó bá sì fẹ́ mọ iye omi tí yóò tọ́jú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀dá ilẹ̀ rẹ̀ ti lè pẹ́ tó.