Akọ Màlúù fún Irú: Sísìn àti Títà Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Akọ màlúù tí a yà sọ́tọ̀ fún irú ni èyí tí olówó rẹ̀ kò sìn fún ọ̀bẹ, tí kò sì tẹ̀ lọ́dàá, ṣùgbọ́n tí ó fi sílẹ̀ nínú agbo kí ó máa gun àwọn abo, kí ìwọ̀n ara, ìfaradà àti ìwà rere ìdílé rẹ̀ lè máa bá àwọn ọmọ lọ. Iṣẹ́ kan náà ni àgbẹ̀ ń ṣe nígbà tí ó bá yọ ṣírí àgbàdo tó gbó jù lọ sọ́tọ̀, tí ó so ó rọ̀ sókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Ọ̀rọ̀ ti màlúù wúwo ju ti àgbàdo lọ, nítorí pé abo kan kì í sábà bí ju ọmọ kan lọ lọ́dún, nígbà tí akọ kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gun abo 25 ní àsìkò kan, tí àbùkù rẹ̀ yóò sì hàn lára ọmọ tó lé ní 20 kí olówó rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti ṣì í yàn.

Ní Onípánù àti ní gbogbo Ṣómólú òun Bàrígà ní Èkó, níbi tí ilé ti fara kan ilé láti ojú ọ̀nà Ìkòròdú títí dé etí ọ̀sà, kò sí àyè fún agbo màlúù, nítorí náà akọ màlúù tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ mọ̀ ni èyí tó ti di ẹran lórí pẹpẹ alápatà. Láti ìgbà tí ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní ọdún 1912 ni màlúù òkè Ọya ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Èkó, kí tírélà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oko-Ọba ní Agége, níbi tí odò ẹran ńlá wà, àti ọjà Kárà lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni wọ́n ń já ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Akọ ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé darandaran kì í fẹ́ ta abo tó ṣì ń bí. Ibẹ̀ gan-an ni ìpalára ti ń wọlé: akọ tó tóbi jù, tó tètè dàgbà jù, ni alápatà ń fi owó gidi wá, tí ó fi jẹ́ pé àwọn tó yẹ kó fi irú sílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò yà sí ló sì ń kù sílé gun abo. Agbo tí a bá ń ṣe báyìí sí fún ogún ọdún yóò rẹ̀yìn láìsí pé àìsàn kan kọ lù ú.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe aláìní irú tirẹ̀. Mùtúrù, màlúù kúkúrú tí kò ní iké, ìyẹn òkìtì ẹran tó máa ń yọ léjìká màlúù Fúlàní, ti wà nínú igbó gúúsù tipẹ́tipẹ́ kí a tó mọ Bunaji, màlúù funfun oníké tí àwọn Fúlàní ń dà wá. Ohun tó mú kí Mùtúrù níyì ni pé ó lè fara da àìsàn tí àwọn Hausa ń pè ní sammore, èyí tí eṣinṣin tsetse máa ń fi kòkòrò rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ẹran yóò máa gbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa dín kù, tí abo tó lóyún yóò sì ṣẹ́ ẹ. Bunaji tóbi jù ú, wàrà rẹ̀ sì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n sammore ń tètè borí rẹ̀. Láti ìhà Ṣakí àti Kìṣí dé ilẹ̀ àwọn Bàrìbá ni irú méjèèjì ti gun ara wọn títí tí ẹ̀kẹta fi jáde, èyí tí a ń pè ní Kétékù ní Nàìjíríà, tí a sì ń pè ní Borgou ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. N'Dama tẹ̀lé wọn, láti òkè Futa Jalon ní Guinea. Òun náà kò ní iké, kò sì rọrùn fún sammore láti pa á, ìdí nìyí tí a fi sìn ín ní oko ìjọba ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Oko Okpara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìhà Parakou ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1952, yẹ fún àpẹẹrẹ, nítorí pé ara iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yan Borgou tó dára, kí ó sì fi akọ wọn fún àwọn olùsìn tó ń fẹ́ irú.

Nínú ọgbà ẹran ìdílé, èyí tí í ṣe ilẹ̀ tí a ṣọgbà yí ká kí agbo má baà jáde, ọ̀dọ̀ ìyá ni yíyan akọ ti ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń wo abo tó ń bí déédéé, tó ń bí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí wàrà rẹ̀ sì tó ọmọ rẹ̀ í mu. Akọ tí irú abo bẹ́ẹ̀ bá bí ni a ó fi nọ́ńbà sí létí, tí a ó sì máa wọn títí yóò fi já lẹ́nu ọmú. Ẹsẹ̀ tó dúró ṣinṣin àti pátákò tó le ṣe pàtàkì ju ẹwà ìwo lọ, nítorí akọ tó bá ń tiro kò lè gun abo. Kórópọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí wọ́n sì tóbi: fún àwọn irú ilẹ̀ Yúróòpù, ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà yíká àpò kórópọ̀n ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ akọ olóṣù 15, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀n yìí dá Mùtúrù tí ara rẹ̀ kéré lẹ́jọ́. Akọ tó bá ń kan ènìyàn kò yẹ fún irú bí ó ti wù kí ó tóbi tó, nítorí pé àwọn ọmọ ń jogún ìbínú náà.

Oyún màlúù máa ń tó ọjọ́ 283. Bí a bá fi akọ sínú agbo ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Agẹmọ, ọmọ àkọ́kọ́ yóò délẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Igbe, nígbà tí òjò ti mú koríko tútù jáde tí ìyá yóò fi rí wàrà fún un. Àtọ̀ akọ ń gba nǹkan bí ọjọ́ 60 kí ó tó gbó, nítorí náà akọ tí ibà mú tàbí tí ebi pa ní oṣù Èbìbí kò lè ṣiṣẹ́ tó yẹ ní Agẹmọ, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti dá nígbà náà. Láti ìgbà ọyẹ́ ni olùsìn tó mòye ti ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ, ewé ẹ̀pà àti iyọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, kí ó tó di pé ó gun àwọn ọmọ tó bí, ó yẹ kí akọ náà kúrò nínú agbo, kí a sì tà á fún agbo mìíràn tí kò bá a tan.

Ìgbà títà ní ìdẹwò tirẹ̀. Ọdún Iléyá, tó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé lọ́dọọdún, bọ́ sí ọjọ́ kẹfà oṣù Òkúdù ní 2025, kò tó oṣù kan kí Agẹmọ tó dé. Ìgbà tí owó ẹran ga jù wá di ìgbà tí agbo nílò akọ jù. Olùsìn kò ní dá akọ rẹ̀ sí àyàfi tí ẹni tó fẹ́ irú bá lè san ju alápatà lọ, olùrà kò sì ní san bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ó bá rí ẹ̀rí. Lónìí, eyín ni ẹ̀rí tó wọ́pọ̀ jù ní ọjà, nítorí pé màlúù máa ń pààrọ̀ eyín iwájú méjì àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjì. Eyín ń sọ ọjọ́ orí, kì í sọ ẹni tó bí i. Ìwé ìran, tí a ti kọ orúkọ bàbá àti ìyá, ìwọ̀n ara àti iye ọmọ sí, ló ń sọ ìyẹn. Ní England ní 1810, olùsìn màlúù kan, Charles Colling, ta akọ kan láti inú irú tí a ń pè ní Shorthorn, tí ń jẹ́ Comet, ní 1,000 gíní, owó tí a kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí lórí màlúù nígbà náà, nítorí pé gbogbo olùrà mọ ìdílé tó ti wá. Nígbà tó di 1822, ìwé ìran Shorthorn ti jáde ní títẹ̀. Ṣáájú Colling, olùsìn mìíràn, Robert Bakewell, tó kú ní 1795, máa ń yá àwọn ẹlòmíràn ní akọ rẹ̀ fún owó, tí ó sì ń fi ọmọ tí wọ́n bí mọ èyí tó dára jù nínú wọn. Irú àdéhùn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tí í máa fún aládùúgbò ní ewúrẹ́ sìn kí wọ́n lè jọ pín ọmọ, tí í sì máa fi màlúù sọ́wọ́ Fúlàní tí yóò máa mu wàrà rẹ̀.

A tún lè fi àtọ̀ sínú abo láìsí akọ nítòsí, bí a bá tọ́jú àtọ̀ náà sínú gáàsì olómi tó tutù dé ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ilé-ìwádìí ẹran ọ̀sìn ní Shika, lẹ́bàá Zaria, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀ gáàsì náà wọ́n, àsìkò tí abo Bunaji ń fẹ́ akọ sì kúrú, tí ó sì sábà máa ń jẹ́ lóru, nítorí náà akọ tó ń gbé inú agbo kò tíì lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tó ka dída ẹran jẹ̀ ní gbangba léèwọ̀, tí gómìnà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹran ọ̀sìn tí a dá sílẹ̀ ní 2024, ti mú kí ọ̀rọ̀ ọgbà ẹran wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, àǹfààní kan sì wà níbẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà: níbi tí agbo ti ń pàdé agbo lójú ọ̀nà, akọ tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gun abo, ṣùgbọ́n inú ọgbà ni olówó ẹran ti lè yan èyí tó wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ ra akọ fún irú fún òjò tí ń bọ̀, kí ó bá olóko sọ̀rọ̀ kí ọyẹ́ tó lọ, kí ó béèrè ìwé ìran, kí ó jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ akọ náà wò fún brucellosis, àìsàn tó ń ba oyún jẹ́ tó sì ń ran ènìyàn, kí ó sì ya akọ náà sọ́tọ̀ fún oṣù kan kí ó tó dà á pọ̀ mọ́ agbo rẹ̀.