Àgbélébùú Victoria àti Àwọn Jagunjagun Dúdú

Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé tí baba tàbí baba ńlá wọn ti ṣe sójà rí, a máa ń rí àmì-ẹ̀yẹ tí a so mọ́ ọ̀já aláràbarà, tí a sì tọ́jú sínú àpótí. Àwọn ọmọ ilé a máa wí pé ìgboyà ni bàbá fi gbà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Irú àmì-ẹ̀yẹ ogun méjì ni ó wà, ó sì yẹ kí àwa tí ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìtàn mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ti ìṣáájú ni èyí tí a ń fún gbogbo ẹni tí ó bá ti dé ojú ogun kan. Irú rẹ̀ ni Ìràwọ̀ Burma, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó jà níbẹ̀ láti ìparí 1943 títí di 1945 gbà: ẹni tí ó yìnbọn gbà á, ẹni tí ó ru ẹrù gbà á. Èkejì ni ti ìgboyà, tí a kì í fún ni àfi bí ènìyàn bá ṣe ohun kan tí ojú rí, tí ọ̀gá rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, tí ìjọba sì kéde rẹ̀ nínú Gásẹ́ẹ̀tì. Èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Olórí gbogbo wọn lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Àgbélébùú Victoria. Ọbabìnrin Victoria ni ó dá a sílẹ̀ ní 29 January 1856, nígbà tí ogun Crimea ń parí lọ. Kì í ṣe wúrà, kì í sì í ṣe fàdákà. Idẹ lásán ni, èyí tí wọ́n ní a gé láti ara àgbá ogun tí a kó lọ́wọ́ ọ̀tá. Ohun tí ó sọ ọ́ di ohun tuntun ni pé kò wo ipò ẹni. Ọ̀kan náà ni fún ọ̀gágun àti fún ẹni tí ń gbálẹ̀ bárékè, àfi pé nígbà náà ẹni tí kò bá ní oyè ọ̀gá a máa gba £10 lọ́dún pẹ̀lú rẹ̀. Títí di òní, kò tíì pé 1,400 irú rẹ̀ tí a ti fi fún ènìyàn.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí adúláwọ̀ kan fi ṣe iṣẹ́ tí ó fi gbà á. William Hall ni orúkọ rẹ̀, atukọ̀ ogun, ọmọ Nova Scotia ní Kánádà, tí àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí. Ní Lucknow ní ilẹ̀ Íńdíà, ní 16 November 1857, ó wà nídìí àgbá kan tí a fi ń fọ́ ògiri Shah Najaf. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun àti ọ̀gá kan, Thomas Young. Àwọn méjèèjì ni ó ń ki àgbá, tí wọ́n sì ń yìn ín, títí ògiri fi lanu. Ó padà sílé lọ ṣe àgbẹ̀, ó sì kú ní 1904. Kò sí òkúta lórí ibojì rẹ̀ títí di 1945, nígbà tí a gbé egungun rẹ̀ lọ sí ọgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Hantsport.

Ṣùgbọ́n Samuel Hodge ni àwa fẹ́ dúró tì pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ wa yìí ni ó ti ṣe tirẹ̀, àti nítorí ẹgbẹ́ ogun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ erékùṣù Tortola ni, nínú àwọn erékùṣù West Indies, ó sì jẹ́ ọmọ-ogun lásán nínú ẹgbẹ́ ogun West India Ìkẹrin. Ẹ má ṣe rò pé ẹgbẹ́ ogun wọ̀nyí jìnnà sí ìtàn Yorùbá. Nígbà tí a dá wọn sílẹ̀ ní 1795, ńṣe ni ìjọba ń fi owó ra ẹrú láti fi kún wọn. Lẹ́yìn òfin 1807 tí ó fòpin sí òwò ẹrú, a bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkùnrin láti inú ọkọ̀ ẹrú tí a gbà lójú òkun, tí a sì kó wá sí Freetown. Èbúté yìí kan náà ni a sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822. Ọmọdékùnrin ni òun, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ ni ó bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ àwọn géńdé tí ó bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé, bárékè ni ó gbà wọ́n, a kò sì bi púpọ̀ nínú wọn bóyá wọ́n fẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ṣọ̀tẹ̀ ní St. Joseph ní Trinidad ní 1837, a gbọ́ orúkọ Yorùbá láàrin wọn.

Ní 1866, Ọ̀gágun D'Arcy, gómìnà Gáḿbíà, kó ogun lọ sí ìlú Tubabakolong ní ilẹ̀ Barra, ní àríwá odò náà. Ní èdè Mándíńgò, ‘kànga òyìnbó’ ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà. A fi igi ńlá ṣe odi yí i ká. Ní 30 June, gómìnà béèrè àwọn tí yóò fínnúfíndọ̀ mú àáké lọ gé odi náà lulẹ̀ níṣojú ìbọn. Hodge àti ẹnì kejì rẹ̀ nínú àwọn aláàáké jáde. Nígbà tí gómìnà rí ọ̀nà wọlé, Hodge tẹ̀ lé e la ìlú já, ó ń fi àáké ṣí ẹnubodè méjì tí a ti dí láti inú, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè wọlé. Ó fara gbọgbẹ́ gidigidi. Nígbà tí wọ́n jáde ní ẹnubodè ìwọ̀-oòrùn, gómìnà fà á hàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ni akíkanjú jùlọ nínú ẹgbẹ́ wọn, gbogbo wọn sì hó. Àwa kò wí pé ogun náà tọ́. Àwọn tí ó wà nínú odi, ìlú ara wọn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, a kò sì kọ ìgboyà tiwọn sínú Gásẹ́ẹ̀tì kankan.

A kéde Àgbélébùú Hodge ní 4 January 1867. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbà á nínú àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀. Kò jẹ adùn rẹ̀ pẹ́. Ní 14 January 1868 ó kú ní Belize. Ayàwòrán Desanges ya ìjà náà. Nínú àwòrán rẹ̀, gómìnà ni ó gba ojú, Hodge sì tẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú àáké rẹ̀. Ti ẹnì kejì rẹ̀ ńkọ́? Ó kú. Ìkéde náà mẹ́nu kàn án pé ‘ẹlòmíràn kan’ wà, kò dá orúkọ rẹ̀. Ìlànà ìgbà náà ni pé a kì í fún òkú ní Àgbélébùú. Lẹ́yìn 1900 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ yí èyí padà. Báyìí ni ó fi jẹ́ pé nínú àwọn méjì tí ó jùmọ̀ jẹ́ ìpè kan náà, ẹni tí ó san jù ni kò gba nǹkan kan.

Ní Gáḿbíà kan náà, ní 13 March 1892, ni William Gordon, ọmọ Jàmáíkà, fi gba tirẹ̀. Wọ́n ń fi ìtì igi kan ti ẹnubodè Toniataba nígbà tí ẹnu ìbọn yọ láti ihò ògiri sí ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀. Gordon ta ọ̀gá náà dànù, ó sì fi ara rẹ̀ dí i. Ọta gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ kò kú. Ó wà láàyè títí di 1922.

Ẹnìkan lè béèrè pé, àwọn ọmọ Nàìjíríà ńkọ́? Kò sí ọmọ adúláwọ̀ kan nínú àwọn ọmọ-ogun West African Frontier Force tí ó gba Àgbélébùú Victoria nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Àwọn ọmọ-ogun Íńdíà pàápàá, 1911 ni a tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí i. Àmì-ẹ̀yẹ ìwà akin tí a ń pè ní D.C.M., àwọn tiwa ní tiwọn lọ́tọ̀ títí di 1942, tí a fín orúkọ ẹgbẹ́ ogun náà sí lára. Ó dùn mọ́ wa láti wí pé Belo Akure gba D.C.M., ó sì tún gba Military Medal, nínú ogun 1914 sí 1918. Àkúrẹ́ kì í ṣe orúkọ baba rẹ̀: ìlú ni a máa ń kọ mọ́ orúkọ àwọn ọmọ-ogun nígbà náà, èyí sì ni ó mú kí ó ṣòro láti wá ìdílé ọ̀pọ̀ wọn rí.

Nínú ogun ti 1939 ọ̀nà là díẹ̀ sí i. Títí di ọdún náà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ òyìnbó pọ́ńbélé kò lè jẹ oyè ọ̀gá nínú ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Akin Shenbanjo jẹ ẹ́. Òun ni ó ń ṣọ́ rédíò nínú ọkọ̀ òfuurufú Halifax kan, ó sì gba Distinguished Flying Cross, tí ó jẹ́ ti àwọn ọ̀gá nígbà náà. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń fò sọ ọkọ̀ wọn ní ‘Ọmọ Aládé Dúdú’ nítorí rẹ̀. Ní ti D.C.M. àti Military Medal, tí a fi ń ya mẹ̀kúnnù ọmọ-ogun sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀gá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí méjèèjì ní 1993.