Ẹ Yẹ Rọ́bà Wò Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Intercooler

Bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ní tọ́bò, tí kò lè gun òkè mọ́ bí ẹrù bá wà nínú rẹ̀, èrè ọlọ́jà ló ń jẹ. Tọ́bò máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà á sì gbóná. Intercooler ló ń tù ú kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ má tíì sáré lọ sí Ládípọ̀ lọ ra èyí tó tóbi. Ẹ kọ́kọ́ ní kí mẹkáníìkì yẹ àwọn rọ́bà tó so mọ́ ọn wò. Bí ọ̀kan bá ya, intercooler tuntun kò lè ṣàǹfààní, bẹ́ẹ̀ rọ́bà kò wọ́n tó o.

Bí ẹ bá máa rà, ẹ mú èyí tó bá àyè ọkọ̀ mu. Èyí tó tóbi jù lè dí afẹ́fẹ́ mọ́ rédíétọ̀, tọ́bò náà á sì máa pẹ́ kó tó dáhùn. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fọ ọ́ìlì inú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń jò, kí ẹ tó sanwó.