Ìdánwò Ṣáájú Iṣẹ́: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Kọ̀ǹpútà ní Ìṣirò Ayò

Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í wọ kíláàsì kí ó tó mọ ìbéèrè tí yóò fi dán àwọn ọmọ wò nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Irú ìlànà yìí ni Kent Beck, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ìwé ṣàlàyé ní ọdún 2002 fún àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà: kọ ìdánwò ná, kí o tó kọ ètò. Ẹ jẹ́ kí a fi ayò ọlọ́pọ́n, tí a mọ̀ ní Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ihò méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń kó sínú wọn, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ihò ẹnì kejì, tí ó sì sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tí ó ta á yóò jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ètò wa ni láti sọ iye tí a jẹ.

Ìdánwò kìíní: bí ihò náà bá di 2, ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 2. Níwọ̀n bí a kò ti tí ì kọ ètò kankan, yóò kùnà. Ó yẹ kí a fi ojú wa rí ìkùnà yìí, nítorí ìdánwò tí ètò yege nínú rẹ̀ kí a tó kọ ọ́ kò dán nǹkan kan wò. Nígbà náà ni a óò kọ èyí tí ó kéré jù lọ tí ó lè yege: "Dáhùn 2." Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdánwò kejì ń bọ̀: bí ihò bá di 3, ìdáhùn jẹ́ 3. Ètò kùnà, a tún un kọ kí ó máa dáhùn iye ọmọ tí ó wà nínú ihò. Ìdánwò kẹta: bí ihò bá di 4, òfo ni. Ètò dáhùn 4. A fi kún un pé 2 àti 3 nìkan ni à ń jẹ. Ìdánwò kẹrin: bí ihò bá jẹ́ ti ẹni tí ń ta ayò fúnra rẹ̀, òfo ni. Ìdánwò karùn-ún: bí ihò ìkẹyìn bá di 2, tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ẹnì kejì sì di 3, a jẹ 5. Ní gbogbo ìgbà tí a bá fi ọwọ́ kan ètò, a óò tún ṣe gbogbo ìdánwò àtẹ̀yìnwá, kí àtúnṣe òní má baà ba ti àná jẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá yege, a lè wá tún ètò náà tò kí ó mọ́ lójú, láìbẹ̀rù.

Kí ni èyí kan àwa olùkọ́? Àṣìṣe inú ìṣirò kì í pariwo. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣi ayò kà, ó lè sọ ọ̀ta di òpè, eré sì ni. Ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ ni a fi ń ṣírò máàkì. Bí 40 bá jẹ́ òǹkà ìyege, tí ẹni tí ó kọ ètò sì wí pé "ju 40 lọ" dípò "40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ", ọmọ tí ó gba 40 gééré yóò tún kíláàsì kà láìjẹ̀bi. Ìdánwò mẹ́ta péré, ti 39, ti 40 àti ti 41, ìbá ti gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdánwò kò lè gbọ́n ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Òfin ayò a máa yàtọ̀ díẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Bí a bá ṣi òfin gbọ́, ètò yóò yege nínú àṣìṣe wa. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ bi àwọn àgbà tí ó mọ ayò ta, kí a kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀ bí ìdánwò, lẹ́yìn èyí ni kí a tó kọ ètò.