Ṣọ́ọ̀bù Mi Jóná: Ṣé Wọ́n Á Kà Mí Mọ́ Àwọn Tó Fara Kááṣá?

Màmá kan nínú wa ló béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé: tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nílùú tí a ti ń tajà, tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù èèyàn, àmọ́ tí wọn ò ṣá a ládàá, ṣé ó máa wà lára àwọn tó fara kááṣá, tí ìjọba bá ń pín owó gbà-má-bìínú? Ìbéèrè gidi ni, Màmá. Ẹ jẹ́ n fi Sierra Leone dáhùn, ibi tí àwọn Sàró wa ti padà wálé láyé ọjọ́un.

Ogun jà níbẹ̀ láti 1991 títí di 2002. Àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Lomé ní 1999 ló ní kí ìgbìmọ̀ kan wádìí òtítọ́. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 2004. Ẹ gbọ́ àwọn tí wọ́n ní kí ìjọba tọ́jú: àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, àwọn tó fara gbọgbẹ́ gan-an, àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, àwọn ọmọdé, àti àwọn opó ogun. Ó parí. Ẹni tó jẹ́ pé ilé tàbí ọjà nìkan ló bá ogun lọ, kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé ó dùn ún o. Ta ni ò pàdánù nǹkan nínú ogun yẹn? Owó ò sì tó. Èmi ò bá wọn jà. Ẹni tí kò lọ́wọ́ méjèèjì, báwo ló ṣe fẹ́ padà sọ́jà?

Bẹ́ẹ̀, ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2005 ka àdánù ọrọ̀ ajé mọ́ ohun tó ń sọ èèyàn di ẹni tó fara kááṣá nígbà tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú gidi, kódà bí wọn ò tíì mú ẹni tó ṣe é. Nítorí náà, Màmá, ẹni tó fara kááṣá ni yín. Àmọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé owó, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ìforúkọsílẹ̀ yẹn ò bẹ̀rẹ̀ títí di 2008, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ogun. Bí 32,000 èèyàn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Owó àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn gbà ò ju nǹkan bí 100 dọ́là lọ. Ẹni tí kò gbọ́ lásìkò ńkọ́? Ibi tó ti kan àwa àlejò nìyẹn. Bí wàhálà bá dé, ilé là ń sá lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọ orúkọ, a ò sí níbẹ̀.

Màmá, ṣé akọ̀wé ẹgbẹ́ ọjà ní orúkọ yín àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù yín lọ́wọ́? Ẹ fi voice note sílẹ̀, màá gbọ́ ọ lálẹ́.