Oúnjẹ Àjèjì Ni Mo Wá Lọ, Àkàrà Ni Mo Bá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Nígbà tí mo kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ bọ́ sí Bẹ̀nẹ̀, oúnjẹ tí n kò jẹ rí ni mo ń wá kiri. Létí títì kan nílùú Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, mo rí ìyá kan tó ń dín nǹkan. Mo na ìka sí i, mo fọ Gẹ̀ẹ́sì, mo tún fi Faransé jákujàku lé e. Ìyá wò mí, ó ní: "Ọmọ mi, àkàrà ni. Ti èló ni kí n dì fún ẹ?"

Ojú tì mí! "Ata" ni àwọn Fọ̀n ń pe àkàrà. "Akassa" ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ. Wàrà náà ò gbẹ́yìn, "wagasi" ni tiwọn, wọ́n a máa fi ewé ọkà bàbà sè é títí tá a fi pọ́n.

Èrò tèmi ni pé bọ́dà táwọn òyìnbó fà kò pín ìkòkò wa sí méjì. Kẹ́ ẹ tó ṣí fóònù wá ilé oúnjẹ olówó ńlá níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá kí àwọn ìyá létí títì. Ká ní mo ti sọ pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà" ni, ojú ò bá má tì mí.